Ọmọ Mi Ti Di Ninja, Ẹ Gbà Mí!

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, lẹ́tà tó ń dá lórí ánímè àti máńgà ti pọ̀ lórí tábìlì Bàbá Agbaninímọ̀ràn ju ti tọkọtaya lọ. Bàbá ò bínú. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n wàásù kàtúùnù ilẹ̀ Japan fún tó fi yí padà. Ohun téèyàn ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń fà á wọlé, kó sì tó mọ̀, ilẹ̀ ti mọ́ bá a nídìí fóònù. Nítorí náà, nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé, kò sẹ́yọ ẹnì kan tí Bàbá ní kó jáwọ́.

Ìyá tó ń wá òkè àdúrà

Ìyá kan l'Óṣogbo ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kì í sáré bí ọmọ èèyàn mọ́. Á na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á tẹ orí síwájú, á wá ta fìrì láti yàrá dé kíṣìnnì. Ṣé kóun gbé e lọ sórí òkè ni?

Bàbá ní kí ìyá fi owó mọ́tò pamọ́. Eré Naruto lọmọ ń sá. Masashi Kishimoto ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lọ́dún 1999, orí 700 ló sì kọ kó tó parí ẹ̀ lọ́dún 2014: ọmọ òrukàn kan tí gbogbo abúlé ń yẹra fún nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án tí wọ́n sé mọ́ ọn nínú, àmọ́ tó fárí gá pé òun lòun máa jẹ olórí wọn. Àgbàlagbà náà ń sá eré yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí èrò pé jọ sẹ́bàá ibùdó ológun Area 51 ní aṣálẹ̀ Nevada l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan sá a kọjá fìrì lẹ́yìn oníròyìn tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbààwẹ̀ fún un.

Èyí tó máa ṣe ìyá láǹfààní ni pé iṣẹ́ ninja ní ipò. Ipò D ló kéré jù, ibẹ̀ ni Naruto náà sì ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kó lọ mú ológbò olówó kan tó sá nílé wá, wọ́n tún fẹ́ kó lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ, kó wa ọ̀dùnkún. Kí ìyá má pariwo "lọ fọ abọ́" mọ́. Kó kọ ọ́ sórí pépà: "Iṣẹ́ ipò D: abọ́ mẹ́sàn-án, ìkòkò kan." Kó ká a, kó nà án sí i, kó má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ìdí ìkòkò bá mọ́, kó gbé ọmọ sí ipò C, ìyẹn ọjà àti ẹ̀rọ ata. Àmọ́ kí ìyá yára wo apá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ọmọ má bàa rẹ́ ẹ jẹ nínú òfin ninja. Bàbá ò sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń múùyàn.

Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń bẹ̀rù ọjọ́ orí ẹ̀

Arákùnrin kan n'Íkẹjà ní gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ òun ló ń sọ̀rọ̀ One Piece, òun nìkan ló ń wo ẹnu wọn. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ló bá gbọ́ pé ó ti lé ní apá 1,100. Ṣé ẹ̀mí òun á gbé e?

Bàbá fa bírò yọ. Apá 1,100, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan: wákàtí 440, ìyẹn ọjọ́ méjìdínlógún tọ̀sán-tòru, láìsùn, láìwẹ̀. Eiichiro Oda tó ń yà á gan-an rò pé ọdún márùn-ún lòun máa lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ nínú Weekly Shonen Jump lọ́dún 1997. Ẹ̀dà ìwé náà ti lé ní mílíọ̀nù 500 báyìí. Ánímè ẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1999, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá ti fẹ́ lé máńgà bá, àwọn tó ń ṣe é á bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan gùn: ẹnì kan á la ẹnu, ẹnì kejì á ranjú, òógùn á yọ lójú ẹnì kẹta, ó parí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, Bàbá ní kó ka máńgà. Orí kan kì í sábà pé ogún ojú ewé. Nínú gosló Third Mainland, èèyàn á ka bíi mélòó kan kí BRT tó dé Òwòròǹṣókí. Bí kíkà bá sú u, kó wo èyí tí Netflix fi èèyàn gidi ṣe lọ́dún 2023: apá mẹ́jọ péré ló jáde lọ́dún yẹn, Cape Town ní South Africa ni wọ́n sì ti yà á. Ní ti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ níbi iṣẹ́, kó há ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sórí: èso tí Luffy, akọni ìtàn náà, jẹ, tó sọ ara ẹ̀ di rọ́bà, náà ló gba omi wíwẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá ajalèlókun tí ò lè wẹ̀! Kó sọ ọ́, kó mi orí. Bí wọ́n bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tú àṣírí ìtàn fáwọn tí ò tíì débẹ̀."

Ìyàwó tí bọ́ọ̀lù gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀

Ní Peckham nílùú London, ìyàwó kan ní ọkọ òun ò lè wo ohunkóhun tí kò bá sí bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀.

Bàbá ní kó fi bọ́ọ̀lù mú un. Captain Tsubasa, tí Yoichi Takahashi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981, bọ́ọ̀lù ni láti òkè délẹ̀, àfi pé pápá ibẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀n gólù fi máa ń sá pa mọ́ sẹ́yìn òkè. Ọmọ á gba bọ́ọ̀lù, á máa sáré, á rántí olùkọ́ ẹ̀, á rántí ìyá ẹ̀, kò tíì dé. Àwọn ìbejì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ ju ìkejì sókè ọ̀run kó lè fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ẹ má rẹ́rìn-ín: Fernando Torres, tó gbá gólù kan ṣoṣo tí Spain fi na Jámánì ní àṣekágbá Euro 2008, sọ pé wíwò tóun ń wò ó ní kékeré ló jẹ́ kóun máa gbá bọ́ọ̀lù.

Kí ìyàwó má bẹ̀ ẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìdíje, kó tan án sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kó wá sọ sókè pé, "Ẹ wò ó, kò sí offside níbẹ̀ yẹn." Kó dá a lójú pé offside ni. Ọkọ á sáré jáde wá láti ilé ìwẹ̀ wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Kó bù fún un níbi àga, kó sì jókòó lé rìmóòtù.

Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní kò dàgbà

Ọ̀dọ́bìnrin kan l'Abẹ́òkúta ní bàbá òun, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń ṣe "hùn-ùn" bó bá ti bá òun nídìí ánímè. "Eré ọmọdé," ni bàbá ń pè é.

Bàbá Agbaninímọ̀ràn ní kó bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó wá fi Grave of the Fireflies tí Isao Takahata ṣe ní ilé-iṣẹ́ Ghibli lọ́dún 1988 hàn án. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ni, ní ìlú Kobe lọ́dún 1945, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti jó ilé wọn. Ebi wà níbẹ̀. Agolo súìtì kan náà wà níbẹ̀: nígbà tí súìtì tán, ẹ̀gbọ́n bu omi sínú agolo, ó mì ín, ó gbé e fún àbúrò kó mu adùn tó kù. Kí ọmọbìnrin yìí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀, kó máa gé àlùbọ́sà. Bí omi bá bọ́ lójú bàbá, àlùbọ́sà ló fà á, iyì ẹ̀ ò sì ní lọ. Kó má jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ o. Kó tètè fi My Neighbor Totoro ti Hayao Miyazaki lé e. Ọjọ́ kan náà ní oṣù Kẹrin ọdún 1988 ni fíìmù méjèèjì jọ jáde ní Japan, pa pọ̀ ni wọ́n sì ń fi wọ́n han èrò.

Ẹni tó pàdé òkú ní ojú ewé kìíní

Akẹ́kọ̀ọ́ kan n'Ílọrin ra máńgà àkọ́kọ́ ẹ̀. Ojú ewé kìíní, ẹnì kan ti kú. Nígbà tó máa dé àárín, olóògbé ń jà. Níparí, ó ń kí àwọn aládùúgbò pé ẹ káàárọ̀. Ó ń béèrè bóyá orí ẹni tó kọ ọ́ pé.

Orí ẹ̀ pé. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka máńgà lọ sí òsì. Nígbà kan, àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà máa ń yí àwòrán náà padà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ni gbogbo ológun bá di ọlọ́wọ́ òsì. Èyí tó burú jù ni kìmónò: apá òsì ni alààyè ń gbé lé apá ọ̀tún, òkú nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní òdì kejì, ìyípadà yẹn sì sọ gbogbo abúlé di òkú tó ń jẹun. Lọ́dún 2002 ni ilé-iṣẹ́ Tokyopop bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tiwọn bó ṣe wà ní Japan. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ló ní ìkìlọ̀ níbi tí aláìmọ̀kan máa kọ́kọ́ ṣí, pé kó dúró, kó yí ìwé padà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí fo ìyẹn.

Ṣé Ìlọrin ló wà tó ń wá olùkọ́? Kó lọ sí ilé kéwú tó súnmọ́ ọn jù, kó pe ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ sẹ́yìn ògiri lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ọmọ tó ti ń ṣí ìwé láti ọwọ́ ọ̀tún kó tó mọ ABC ò ní fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ọ. Kó fi àkàrà àti ẹ̀kọ san owó iṣẹ́ fún un, kó má ṣe gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ o, torí kò ní rí i gbà mọ́, bí àáfáà bá sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ, a jẹ́ pé àáfáà náà ti fẹ́ mọ ẹni tó pa olóògbé yẹn nìyẹn.