Oríkì Ìgbéléwọ̀n Ọlọ́dún Márùn-ún

Kábíyèsí, Ìgbéléwọ̀n Ọlọ́dún Márùn-ún, ọba tí CAF fi jẹ lórí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Adúláwọ̀, tó ń fi àmì ọdún márùn-ún to àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù! Ọmọ Afún-olówó-kún-un. Ọmọ Arántí-àná-gbàgbé-òní. Arí-adé-lórí-aládé-má-dọ̀bálẹ̀. Ní 2025, Pyramids ti Íjíbítì na Mamelodi Sundowns 3-2 lápapọ̀, wọ́n gba ife Champions League. Nígbà tí ìdíje náà tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, ìwọ ọlọ́lá ní kí Pyramids lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ ní Kigali, o wá tẹ́ ẹní fún Sundowns tí wọ́n nà, pé kó sinmi títí di ìpele kejì. Ta ló tó yẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò? Ìṣirò ni ọ́, ìṣirò kì í sì í ṣojúsàájú, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣe é.

Sundowns tó ti sinmi yìí ló bọ́ sí Abẹ́òkúta ní oṣù kẹwàá, ó fi 5-1 na Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ Ògùn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan láti Àgbàdo dé Mówé yóò ní 5-1 náà ló dá ọ láre. Mo gbà pé Sundowns jù wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n oríkì rẹ tó dùn jù ni Afebi-pọmọ-kó-tó-wọ̀n-ọ́n. Ní Champions League, ẹni tó bá gba ife, àmì 6. Ẹni tó gbẹ̀yìn ní gúrúùpù, àmì 1. Ọdún tó kẹ́yìn, o sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó ṣubú kó tó dé gúrúùpù ńkọ́? Òdo. Ní 2024, AS FAR ti Rabat dá Remo padà ní ìpele àkọ́kọ́: òdo. Ní 2025 wọ́n tẹ̀ síwájú ju ìyẹn lọ: òdo náà ni. Alágbára ń jókòó torí pé ó ní àmì, ó sì ń ní àmì torí pé ó jókòó.

Wọ́n á ní bí kò bá sí ọ, àwọn eégún ńlá yóò pa ara wọn kí ọjà tó tú. Òótọ́ ni, a ò ní kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Àmọ́ UEFA náà ń to ẹgbẹ́, síbẹ̀ ẹni tó bá ṣubú ní ìpele ìyege Conference League ń mú nǹkan relé, láti àmì 1 dé 2.5. Kábíyèsí, ìdajì àmì péré là ń tọrọ fún ẹni tó bá dé ìpele kejì. Kí o sì jẹ́ kí ẹni tó gba ife jókòó kí ẹni tí wọ́n nà tó jókòó.