Òòrẹ̀ Kò Lọ́yàyà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò balẹ̀ síbì kan, àfi orí Òòrẹ̀, àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Láyé ìgbà kan, Òòrẹ̀ ni baálẹ̀ gbogbo ẹranko tó wà láàrin Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ìgbà gbogbo ló ń fajú ro. Bí o bá kí i ní "ẹ káàárọ̀," ìtàkùn ni yóò bi ọ́. Ìtàkùn ni wọ́n fi so afárá odò Ọ̀tìn, kí òjò tó dé lọ́dọọdún, Òòrẹ̀ a lé tọmọdé tàgbà jáde lọ tún un so. Ẹni tó bá pẹ́ dé, iṣu márùn-ún. Àna rẹ̀ pẹ́ dé lọ́dún kan. Ó gba mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó já sómi. Ṣùgbọ́n ta ní í dúpẹ́ pé òun ò já sómi?

Ìjàpá ní tirẹ̀ mọ oríkì gbogbo wọn. Ó kí Ọ̀bọ títí, ó ní ìdí rẹ̀ tó pọ́n yẹn gan-an ló bá ti ọba mu. Ni wọ́n bá rọ Òòrẹ̀ lóyè. Ẹ̀sùn rẹ̀? Kò ṣeé dì mọ́ra. Ìjàpá jẹ baálẹ̀, orin sọ:

Lílé: Ẹ wá wo baálẹ̀ tuntun
Ègbè: Ẹ̀rín ń yọ
Lílé: Ó ń bá wa jó, ó ń bá wa mu
Ègbè: Ẹ̀rín ń yọ
Lílé: Ìtàkùn ńkọ́? Afárá ńkọ́?
Ègbè: Ẹ̀rín ń yọ

Ìjàpá fagi lé iṣẹ́ afárá, ó kó gbogbo iṣu ìtanràn inú àká, ó fi gúnyán fún ìlú.

Òjò dé. Lọ́jọ́ ọjà Òkukù, afárá já, Àgbọ̀nrín tòun tẹrù ẹ̀pà di ti Ọ̀tìn. Ìjàpá sunkún ju opó lọ, ó tún pín ẹ̀kọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí aláàánú!"

Odò yìí kì í ṣe odò ẹ̀fẹ̀ o. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin kú sí níbi tí wọ́n ti ń sá lọ lẹ́yìn ìjà Ìkìrun, ogun Jálumi, lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878. Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ti Ìbàdàn ló ṣáájú àwọn tó lé wọn. N kò tíì gbọ́ pé ará Ìkìrun kan bèèrè lọ́jọ́ náà bóyá ọkùnrin náà lọ́yàyà.

Nígbà tí omi gbé ẹni kẹta, wọ́n yọ́ lọ bá Òòrẹ̀ lóru. Kò fún wọn níjòkòó. Ó ní, "Ìtàkùn dà?" Ó tún ní gbèsè ọdún tó kọjá ń bẹ nílẹ̀: iṣu mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà.

Bí wọ́n ti ń padà lọ, Ọ̀bọ họ ìdí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó so ó tán ná. Bó bá so ó tán, a ó tún yọ ọ́."