Oríkì Ọ̀gá A-tanná-má-níjàánu

Kí n tó ki olówó ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n ki ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí òun ló yẹ ní kíkì.

Hilux, ọmọ Toyota ilẹ̀ Japan,
a-bí-lọ́dún-1968-má-tíì-gbó.
Ọkọ̀ tí ń ru sìmẹ́ńtì, tí ń ru kòkó,
tí ń ru ọlọ́pàá, tí ń ru gómìnà.
O jagun ní aṣálẹ̀ Ṣáàdì lọ́dún 1987,
ìwọ àti Land Cruiser ẹ̀gbọ́n rẹ,
orúkọ Toyota ni wọ́n fi ń pe ogun náà títí dòní.
Lọ́dún 2003, àwọn onítẹlifíṣàn Top Gear rì ọ́ sómi òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
wọ́n dáná sí ọ lára,
wọ́n gbé ọ sórí ilé gogoro, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀.
Mekaníìkì mú sípánà, kò ra ẹ̀yà ara tuntun kankan,
ẹ́ńjìnnì rẹ tún dáhùn.

Ohun tí omi òkun àti iná kò rí ṣe, ọ̀gá tí mo fẹ́ ki lónìí ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí àdúgbò tí kò sí. Hilux tòkunbọ̀ ló rà, ó sì ti pa mekaníìkì tì pátápátá, ó ní fídíò orí fóònù ti kọ́ òun ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

N kò bá a jà lórí pé ó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ó dára kéèyàn mọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀. Omi tó máa ń fara pamọ́ sínú dísù wa yìí, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́: iná kékeré kan a tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, wàá tú ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ fílítà, omi a ṣàn jáde, nígbà tó bá wá ku dísù nìkan, wàá dé e padà. Fílítà afẹ́fẹ́ náà kò le. Ẹni tó ń rin ọ̀nà oko eléruku kò gbọdọ̀ dúró de mekaníìkì kó tó yọ ọ́ wò. Ẹni tó ń wo ọ́ìlì ní àárọ̀, tó ń wo omi rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, orí mi a máa wú fún un.

Ọ̀gá tèmi kò fọwọ́ kan fílítà dísù rí. Ibi tí ojú aráyé ń wò nìkan ló ń tún ṣe.

Mo kí ọ, A-tanná-má-níjàánu,
ọ̀gá tí ń fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí kì í wo fílítà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.
Ọmọ a-ra-bọ́ńpà-lọ́jà-Ladipo,
ọmọ a-kó-owó-bíréèkì-ra-sítíkà.
Gíláàsì rẹ dúdú kirikiri,
òfin ọdún 1991 ní kí o gbàwé àṣẹ, o kò gba nǹkan kan.
Táyà rẹ ga, ó ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ lọ,
bíréèkì ẹ̀yìn rẹ ti jẹ dé irin.
Iná orí rẹ mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì kò rí títì mọ́;
iná ẹ̀yìn tí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ ìbá fi mọ̀ pé o ti tẹ bíréèkì,
ó ti kú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o kò pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ iná orí yẹn wò dáadáa. Iná gbọọrọ ni, wọ́n kọ 180 wáàtì sí i lára. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12 fóòtì. Fi 12 pín 180, wàá rí 15: áńpíà 15 ni iná yẹn yóò máa fà ní gbogbo ìgbà tó bá ń tàn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀gá yọ lára rédíò àtijọ́ ló fi gbé e, ó sì so orí wáyà náà mọ́ orí bátìrì gbọnrangandan. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kó fi fíúsì sí i, ó fi kékeré kan sí i, ó jó. Ó fi òmíràn, ìyẹn náà jó. Ni inú bá bí i, ó ya bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó ká a mọ́ fíúsì tó ti kú náà, ó tì í padà sáyè rẹ̀. Iná tàn. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

Iṣẹ́ fíúsì ni kó jó. Ó ń jó kí wáyà má bàa jó. Wáyà tó bá gbóná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kì í dá jó: kápẹ́ẹ̀tì a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìjókòó a gbà á lọ́wọ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹni tó sì wà nínú ọkọ̀ lè má tètè rí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ yóò fi fíúsì tó bá iná náà mu sẹ́bàá orí bátìrì gan-an, yóò ra wáyà tó nípọn tó, yóò sì fi relay sí i kí agbára ńlá yẹn má baà gba inú súìṣì kékeré kọjá. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó owó iná fúnra rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù: ẹni tó lówó iná kò ṣàì lówó fíúsì.

Ìwọ a-gbé-ọkọ̀-sókè-kí-ayé-lè-rí-i,
o ti irin bọ abẹ́ síprín̄gì ẹ̀yìn, o ti òmíràn bọ ti iwájú,
ìdí ọkọ̀ rẹ gbé sókè, ó ń wo ojú ọ̀run.
Àwọn ọmọ àdúgbò pa àtẹ́wọ́ fún ọ,
o gba àtẹ́wọ́, o gbàgbé irin kan nísàlẹ̀.

Irin wo? Ẹ bá mi wọ abẹ́ ọkọ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux tó ti pẹ́ díẹ̀, lápá ẹ̀yìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ẹrẹ̀ sábà máa ń bò. Orí rẹ̀ kan so mọ́ irin gbọọrọ tó mú táyà ẹ̀yìn méjèèjì dání. Orí kejì so mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan lára férémù, ẹ̀rọ tó ń pín agbára bíréèkì fún táyà ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ a wálẹ̀, irin náà a ti ẹ̀rọ sókè, ẹ̀rọ a sì tú bíréèkì púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tán, ẹ̀yìn ọkọ̀ a gbéra, ẹ̀rọ a dín bíréèkì ẹ̀yìn kù kí táyà tó fúyẹ́ má baà há, kó sì máa yọ̀ lójú títì. Ọgbọ́n ńlá ni. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú, irin lásán ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sókè, irin yìí dí i lọ́wọ́. Ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó fi wáyà dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ bíréèkì ti gbà pé òfìfo ni ọkọ̀ yìí wà, lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀gá wá di àpò sìmẹ́ńtì 20 sẹ́yìn. Àpò kan jẹ́ 50 kílò. Tọ́ọ̀nù kan géérégé nìyẹn, bíi ohun tí ọ̀pọ̀ Hilux lè rù nìyẹn kéèyàn tó gun orí rẹ̀. Àwọn alágbàṣe wá jókòó lé sìmẹ́ńtì lórí. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó tẹ bíréèkì, táyà iwájú nìkan ni gbogbo wàhálà náà bọ́ lé lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ náà bá dúró lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìmọ̀ ọ̀gá ló dá a dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé Hilux sókè, kò burú, ọ̀nà oko wa ń fẹ́ ọkọ̀ gíga. Ṣùgbọ́n kó rí i pé wọ́n tún irin yẹn tò kí ó bá gíga tuntun náà mu, kó sì wò bóyá họ́ọ̀sì bíréèkì ṣì gùn tó nígbà tí táyà bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.

Táyà ńlá tó rà náà ń kọ́? Tòkunbọ̀ ni, ojú rẹ̀ ṣì gún régé, ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lójú. Kò ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níwájú DOT tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 3211, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2011. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Àti pé táyà tó bá ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn jìnnà ju bí ọkọ̀ ṣe rò lọ, nítorí náà eré tí ọ̀gá ń sá ju èyí tó ń kà níwájú rẹ̀ lọ.

A-dé-bọ́ńpà-irin, mo tún kí ọ.
Irin iwájú rẹ le, kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbàlagbà.
Orí ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ kò ga ju irin yẹn lọ.

Lọ́dún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé irú irin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò ohun tí yóò ṣe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ bá gbá. Èyí tí wọ́n jó fún ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Wọ́n jó o mọ́ férémù, ibi tó yẹ kó rún kí agbára ìkọlù dín kù kò lè rún dáadáa mọ́, èyí sì lè da àsìkò tí áàbágì yóò bẹ́ rú.

Ọ̀ràn omi bíréèkì rẹ̀ ni kí n fi parí kíkì. Omi bíréèkì lọ sílẹ̀, DOT 3 ló wà lórí ìdérí rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀gá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ó ní ọ́ìlì kò sá yàtọ̀ sí ọ́ìlì. Rọ́bà tó wà nínú bíréèkì kì í bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbé: a wú, a rọ̀, a sì di pé kò di nǹkan kan mú mọ́. Àìbìkítà yìí kan náà ló fi wọ abẹ́ ọkọ̀ ní Sátidé, ó fi jáàkì gbé e, ó fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ féèyàn kó tó fọ́.

A-tanná-má-níjàánu, oríkì rẹ tán lẹ́nu mi, iṣẹ́ rẹ kò tíì tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò, ẹ má dúró de ọjọ́ tó máa fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mekaníìkì tó mọ bíréèkì. Kí wọ́n tú ọ́ìlì yẹn dànù, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ti bàjẹ́, kí wọ́n ṣí bíréèkì ẹ̀yìn wò, kí wọ́n dá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi wáyà dè padà sáyè rẹ̀. Kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ kó tó tún kó àwọn alágbàṣe sẹ́yìn ọkọ̀ náà láàárọ̀ Mọ́ńdè.