Bí Mo Ṣe Fi Ìyìn Bú Àwọn Àna Wa

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bú ènìyàn, èmi sì rò pé mò ń yìn wọ́n ni. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́kun. Ní Kàbà tí mo dàgbà sí, bí ènìyàn bá lè dìde láàárín èrò kó da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ láìkọsẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọn ó fi dá a lọ́lá. Ohun tó sọ kì í di ìbéèrè. Èmi kì í kọsẹ̀. Ńṣe ni mo máa ń ṣubú pátápátá, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ a máa dùn.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà èmi àti "as" ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kàwé láyé wa á rántí àkọ́sórí yẹn: "as cool as a cucumber, as busy as a bee, as poor as a church mouse." À ń kà á bí ẹni ń ki oríkì, ara wa ń mì. Kò sí ẹni tó ti fojú kan kùkúḿbà rí nínú wa. Ti eku ṣọ́ọ̀ṣì ló tiẹ̀ rú mi lójú jù, torí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n máa ń kó iṣu ìkórè jọ sí, eku ibẹ̀ sì sanra ju àlùfáà lọ. Ṣùgbọ́n "as drunk as a lord" ló kó bá mi. Olúwa nìkan ni "Lord" tí mo mọ̀. Wọ́n ní ká kọ àròkọ nípa ẹbí wa, mo sì kọ ọ́ láìfi nǹkan kan pè pé àbúrò bàbá mi mu ẹmu lọ́jọ́ ọdún, ó sì di "as drunk as the Lord." Tíṣà wa ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò ní àfiwé. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n lówó ọtí tí wọn kò sì níṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kàbà wà títí di 1967 tí wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀. A bọ́ sí Kwara, ní 1991 a tún di ara Kogí. Nítorí náà, Owé, ẹ̀ka Yorùbá ti Kàbà, là ń sọ nílé, Yorùbá gbogboogbò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Hausa àti Pidgin ní gáréèjì. Gbogbo wọn ló sì gbà pé bí nǹkan bá pọ̀ ju nǹkan lọ, ńṣe ló kọjá rẹ̀. Àwa ní "ó ga jù mí lọ." Hausa ní "ya fi ni tsawo." Pidgin ní "e tall pass me." Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní kí n rán ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ nídìí, kí n tún wá "than" lọ. Bí mo bá sọ "more taller," mo ṣáà fẹ́ kó dájú ni.

Ìgbà tí mo wá dàgbà tán ni mo kó sọ́wọ́ àrà kan tí mo rí nínú ìwé ìròyìn: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe síwájú, wọ́n fi "as" tẹ̀lé e. "Old as he is." "Rich as they are." Ó wù mí púpọ̀. Ó dún bí ọ̀rọ̀ adájọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò kí ẹnikẹ́ni ní gbangba láìfi í kún un.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá fẹ́ ọkọ ará Ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn àna kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà kò gbọ́ èdè wọn, ni ẹbí bá ní èmi ni kí n fi Gẹ̀ẹ́sì fa ìyàwó lé wọn lọ́wọ́. Oṣù kẹfà ni. Wọ́n ti na tàpólì, iyán ti ń jáde nínú odó, bàbá kan tí wọ́n ti sanwó fún láti so òjò sì jókòó sẹ́yìn ilé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní: "Beautiful as our daughter is, educated as she is, well brought up as she is, we are giving her to you."

Àwọn ará ilé wa pàtẹ́wọ́. Ìhà ọ̀hún dákẹ́. Mo rò pé ìdùnnú ló mú ohùn lẹ́nu wọn, ni mo bá tún un sọ, mo sì fi "respectable as our family is" kún un.

Bàbá àgbàlagbà kan dìde nínú wọn, àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bi mí ní pẹ̀lẹ́ pé kí ló ṣe àwọn. Ohun tí mo sọ gan-an, ó ní, ni pé bí ọmọ wa ti rẹwà tó nì, bó ti kàwé tó nì, bí ìdílé wa ti níyì tó nì, irú àwọn yìí náà la tún wá rí fún! Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nínú àwọn àgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, kí n dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá ìyìn mìíràn kiri nínú àkọ́sórí ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo rántí pé ọ̀kan wà tí wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, "as welcome as" nǹkan kan. "Flowers in May" ni. Kò wá sí mi lẹ́nu. Mo wo òkè, mo rí ìkùukùu, mo sì fi gbogbo agbára kígbe: "You are as welcome as the rain!" Kò sí ìyá kan nídìí ìkòkò tí kò mọ "rain." Gbogbo wọn pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá tó so ó gba owó kún owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní mo ti fi kún iṣẹ́ òun.

Alága ayẹyẹ náà bu owó ìtanràn lé mi, àwọn àna rẹ́rìn-ín, a jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ni tíṣà fà mí sápá kan. Ó ní "as" tí mò ń lò yẹn, àtakò ló sábà máa ń gbé pọ̀n: bó ti darúgbó tó nì, ó ṣì ń roko. Ó lè jẹ́ ìdí nígbà mìíràn: bó ti rẹ̀ ẹ́ tó nì, a jẹ́ kó sùn. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà a tún máa fi "as" mìíràn síwájú, "as old as he is," ó sì dárúkọ ìwé Michael Swan, Practical English Usage, tó kọ́kọ́ jáde ní 1980, pé kí n lọ rà á. Ibẹ̀ ni mo ti rántí gbogbo ìwé ìwáṣẹ́ tí mo ti kọ, tí mo fi "Hardworking as I am, I hereby apply" bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń di ẹ̀bi àìríṣẹ́ mi ru ìjọba.

Lálẹ́, mo ṣàlàyé fún ìyá bàbá mi pé Yorùbá inú orí mi ló ṣì mí lọ́nà. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó ní kí n sọ ọ́ ní èdè wa kí òun gbọ́. Mo ní: "Bí ọmọ wa ti rẹwà tó yìí, ẹ̀yin la fún." Ìyá wò mí. Ó ní èébú ni, kí n má purọ́ mọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ìyàwó bímọ, tíṣà fi iṣẹ́ ṣọwọ́ sí mi lórí fóònù: "Small as the baby is…" Ó ní kí n parí rẹ̀. Mo fara balẹ̀, mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé: "Small as the baby is, he has woken the whole street." Ó fèsì pé "as" mi gún régé, àmọ́ òun yọ máàkì kan, torí obìnrin ni ọmọ náà.