Ṣé Gbogbo Yín Náà Lẹ Rí 9.81?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tìyẹn náà, ó wà nílẹ̀. Ripọ́ọ̀tù ló ń dùn mí. Ripọ́ọ̀tù práátíkà tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ń kó wá sórí tábìlì mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mo gbọ́dọ̀ máàkì kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Tẹkinọ́lọ́jísìtì ni mí ní láàbù yunifásítì kan báyìí. N ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Àwọn olùkọ́ kì í pè mí rárá, àfi tí iná bá lọ.

Práátíkà kan wà tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ń ṣe. Kò le rárá. Wọ́n á so irin roboto kan mọ́ okùn, wọ́n á jẹ́ kó máa fì lọ fì bọ̀, wọ́n á ka iye ìgbà tó fì, wọ́n á wo aago. Wọ́n á dín okùn náà kù díẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya gíráàfù, gíráàfù yẹn ló sì máa sọ bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tó. Nínú ìwé, 9.81 ni ìdáhùn. Ó parí.

Nínú ìwé ló ti parí o. Ẹ wá wo láàbù. Okùn tí à ń lò ti gbó; bó bá ti gbé irin fúngbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Bọ́tìnì aago wa ti ya olóríkunkun: ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, á kọ́kọ́ rò ó ná. Ooru ń mú, fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń gbá irin sọ́tùn-ún sósì. Nǹkan bí ọgọ́ta ọmọ ló rọ̀gbà yí tábìlì kan ká. Méjì ń ṣe é, mẹ́rin ń wò wọ́n, àwọn yòókù ń fi kóòtù láàbù tí wọ́n yá lọ́wọ́ ara wọn ya sẹ́lífì.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, mo ṣí ripọ́ọ̀tù àkọ́kọ́: 9.81. Mo ṣí èkejì: 9.81. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún: 9.81. Ọmọ tí kò wá rárá, tó wà lórí àìsàn nílé ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, òun náà rí 9.81. Bóyá àjà ilé ìyá rẹ̀ ló so okùn tirẹ̀ mọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó rí 9.8100. Ọmọ mi, aago wo lo lò?

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn mí jù. 9.81 tí wọ́n ń jí yẹn gan-an, kì í ṣe tiwa. Ayé tí à ń gbé yìí wú díẹ̀ láàárín, ó sì ń yí. Nítorí náà, bí èèyàn bá ṣe ń sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní London, 9.81 ni. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti Èkó dé Ìbàdàn dé Iléṣà, ìtòsí ìlà yẹn là ń gbé, 9.78 sì ni. Àwọn ọmọ yìí jókòó sórí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n so irin mọ́ okùn tí wọ́n rà lọ́jà, ilẹ̀ London ló sì fa irin wọn. Wọn ò tíì gba fisa, ripọ́ọ̀tù wọn ti jápa.

Ẹ má rò pé n ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdí gíráàfù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú ìdáhùn, wọ́n á bá a rìn padà sẹ́yìn títí wọn ó fi dé orí iye tí aago yẹ kó sọ, wọ́n á wá yí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn padà díẹ̀díẹ̀ kó lè jọ pé ọwọ́ èèyàn kàn án. Bó bá ti sú wọn láti se èsì fúnra wọn, wọ́n á gba ripọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é lọ́dún tó kọjá, tí àwọn yẹn gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Abala ìṣọ́ra ni mo fi ń mọ̀. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pé àwọn rí i dájú pé àwọn pa fáànù kí atẹ́gùn má baà da iṣẹ́ náà rú. Fáànù wo? Láàbù wa kò ní fáànù. Wáyà méjì ló yọrí jáde lájà, ibẹ̀ ni fáànù wà nígbà kan rí. Fáànù ti kú, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ lọ, ripọ́ọ̀tù ṣì ń pa á lọ́dọọdún.

Mo ti kọ́kọ́ rò pé àwa nìkan là ń jìyà yìí. Àfìgbà tí mo ka ìwé tí Richard Feynman fi sọ ìtàn ara rẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 1965. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọkùnrin yìí lọ kọ́ni ní Rio de Janeiro ní Brazil. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè ka ìwé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ bó bá yí ìbéèrè po díẹ̀, ẹnu á wọhò. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ó mú ìwé físíìsì wọn dání, ó ṣí i síbi tó bá ṣí sí níwájú àwọn olùkọ́ wọn. Ó bá ìṣirò bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀ láti orí pátákó tó dagun. Àwọn nọ́ńbà náà jọ èyí tí wọ́n wọ̀n lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní àṣìṣe wẹ́wẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń yí ń ná nínú agbára rẹ̀ sórí yíyí yẹn, nítorí náà ìdá márùn-ún nínú méje ohun tó wà nínú ìwé ló yẹ kí ẹni tó bá ṣe é rí. Ẹni tó kọ ìwé kò yí bọ́ọ̀lù kankan. Ó jókòó jẹ́ẹ́ ni, ó se é. Mo rẹ́rìn-ín títí, ìyàwó mi ní kí ló dé. Mo ní mo rí àwọn ọmọ mi ní Brazil.

Kò yẹ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọmọ, torí ẹ wo ohun tá a ṣe fún ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin kan wá ní sáà tó kọjá, ó rí 9.43, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun wọn okùn kóun tó bẹ̀rẹ̀, òun tún un wọ̀n nígbà tóun parí, ó ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ìdí nìyẹn tí irin fi ń pẹ́ kó tó fì padà, tí ìdáhùn sì fi kéré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnjiníà nìyẹn! Àmọ́ ìwé ìmáàkì tí wọ́n fún mi, ohun tó sọ ni pé ìdáhùn 9.81 gba máàkì márùn-ún, bí kò bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, òdo. Mo gbé ìwé rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Wọ́n ní, “Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ fẹ́ yí físíìsì padà ni?” Òdo ló gbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí kò béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, práátíkà mìíràn, ìdáhùn rẹ̀ pé pérépéré. A ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré. Àwọn ọmọ ọdún kẹta ń ṣe práátíkà tí Osborne Reynolds ṣe ní Manchester lọ́dún 1883: omi ń ṣàn nínú páìpù gíláàsì, wọ́n á wá fi aró tín-ín-rín sí i láàárín. Bí omi bá rọra ń lọ, aró náà á nà gbọọrọ bí òwú. Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fọ́nká, páìpù á pọ́n látòkè délẹ̀. Ó dùn-ún wò, ọmọ tó bá ti fojú rí i kò ní í gbàgbé. Pámáńgánéètì ló yẹ ká fi ṣe aró yẹn, ó sì tán. Mo kọ lẹ́tà, lẹ́tà wọlé, kò jáde. Ni mo bá lọ sẹ́nu géètì, mo fowó ara mi ra sóbò. Mo ní kí ìyá onísóbò má fi ṣúgà sí i, torí ṣúgà á mú un wúwo ju omi lọ, á máa rì. Wọ́n wò mí tàánútàánú, wọ́n ní ṣé ìtọ̀ ṣúgà ni.

Sóbò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ n purọ́. Gbogbo ripọ́ọ̀tù ló sì kọ ọ́ pé pámáńgánéètì làwọn lò. Lọ́jọ́ tí iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kú, omi dúró sójú kan nínú páìpù, sóbò náà dúró, gbogbo wa ń wo ara wa. Àwọn ọmọ ọjọ́ náà pàápàá mú èsì wá, wọ́n ní omi náà sáré débi pé aró fọ́nká. Omi dúró, ripọ́ọ̀tù ń ṣàn.

Nínú kíláàsì ńkọ́? Olùkọ́ dúró níwájú pátákó, ó ń ya ẹ̀rọ léèdì tí wọ́n fi ń gé irin. Ó yà á dáadáa, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ léèdì gidi wà ní yàrá kejì, a ti fi ọ̀rá bò ó kó má baà bàjẹ́. Ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò láti NUC tó ń bójú tó yunifásítì àti COREN tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà bá ń bọ̀ nìkan la máa ń ṣí i, a ó kùn ún, a ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n á yà á ní fọ́tò, a ó dá ọ̀rá padà. Níbi àsè ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kan á dìde, á sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti Yunifásítì Èkó, tó yí ìdarí ọkọ̀ Opel ara rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, tó sì ṣe Autonov 1, ọkọ̀ tó ń fi gbogbo jíà rẹ̀ rìn síwájú, tó tún ń fi gbogbo wọn rìn sẹ́yìn. A ó pàtẹ́wọ́. Mo máa ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rá bo Opel yẹn ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn olùkọ́ náà kún. Ẹni tó ń kọ́ ọ̀ọ́dúnrún ọmọ nínú gbọ̀ngàn tí kò ní máíkì kò ráyè mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì yanṣẹ́ lódì láti 14 Oṣù Kejì títí di 14 Oṣù Kẹwàá 2022, tá a padà wá, tí wọ́n ní ká fún sáà pọ̀ kó lè wọ inú ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé dànù? Práátíkà ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ á rí i ṣe tí wọ́n bá lọ sí SIWES, ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fọwọ́ ba iṣẹ́ níta. Ètò tó dára ni. Àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ bá wọn ṣe fótókọpì ní ọ́fíìsì kan fún oṣù mẹ́fà, ó wá fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta kọ gbogbo lọgbúùkù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé owó ni kò sí. Práátíkà kan wà tí kò nílò iná, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kóònù irin ni, gíga rẹ̀ jẹ́ 300 mílímítà. Ẹ ó da kọnkéré sí i nípele mẹ́ta, ẹ ó fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ó rọra fa kóònù náà sókè, ẹ ó wá wọn bí kọnkéré náà ṣe rọ̀ wálẹ̀ tó. Lọ́jọ́ kan, mo pe bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí pé kó wá bá wa po ó. Kó tó di pé a fa kóònù, ó ti ní omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn ọmọ ní rárá o, àwọn ṣírò ó. A fa kóònù sókè, kọnkéré sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àmàlà tí kò jinná. Ariwo sọ! Gbogbo wọn ló ń béèrè ìbéèrè: ṣé yanrìn ló tutù tẹ́lẹ̀ ni? Ta ló wọn omi? Bíríkìlà ní kí wọ́n fi ọwọ́ fún yanrìn yẹn wò. Yanrìn ti mu òjò àná, omi òjò yẹn kò sì sí nínú ìṣirò wọn. Kò sí ẹni tó lè se èsì ọjọ́ yẹn, torí kò sí nínú ìwé kankan, gbogbo ojú ló sì rí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Ẹ bi àwọn ọmọ ní ohun tí ẹ̀yin pàápàá ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yanrìn tirẹ̀, okùn tirẹ̀, irin tirẹ̀, kí wọ́n wá wí ohun tí wọ́n rí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí máàkì wà nínú ìdí yẹn. Torí ọmọ tí a kọ́ ní ọdún kìíní pé kí nọ́ńbà ṣáà ti bá ti ìwé mu, ọ̀la ló máa dúró ní sáìtì. Wọ́n á fọ́ kọnkéré tó ti pé ọjọ́ 28 níwájú rẹ̀, kò ní lágbára tó, ilé ti dé òkè kẹta, olówó ilé ń wò ó lójú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìdáhùn. Àwa la kọ́ ọ.

Ní ti owó sóbò mi, mo ti kọ fọ́ọ̀mù. Àwọn ará àkáǹtì dá a padà, wọ́n ní sóbò kò sí nínú ìwé ohun èlò láàbù, pé kí n kọ pámáńgánéètì sí i, àwọn á sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní sóbò ni mo rà, mo sì tún kọ sóbò. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì fún mi ní kọ́bọ̀.