Ilé Ọba Tó Jó àti Iyàrá Ayálégbé

Àwọn àgbà tó sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọn kò sọ ọ́ láti fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ ṣáná sí òrùlé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, tí a fi ń rẹ ẹni tí àdánù dé bá lẹ́kún, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ tẹ́tí sí i yóò gbọ́ pé ọba ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, wọn kò dárúkọ alágbàro, wọn kò dárúkọ òṣìṣẹ́ olóṣù, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ayálégbé tó ń san owó ilé lọ́dọọdún fún onílé tí kì í gbé fóònù rẹ̀ bí òjò bá ti ń ṣú. Nígbà tí ààfin bá jó láyé àtijọ́, ìlú ló ń kọ́ ọ padà. Adúgbò kan á pọnmi, òmíràn á po amọ̀, àwọn géńdé á wọgbó lọ gé igi àjà, gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ òpó tuntun, àwọn obìnrin á fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ títí yóò fi máa dán, kábíyèsí á sì jókòó síbi tí wọ́n fi í wọ̀ sí, á máa gba ẹ kú àfira. Bí ìkọ́lé bá rí báyìí, ta ni ilé rẹ̀ kò ní í lẹ́wà sí i?

Ọ̀yọ́ tilẹ̀ sọ ọ́ di ọdún. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ láyé àtijọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún ààfin bò, ìlú tí kò bá sì mú tirẹ̀ wá ti fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han Ikú Bàbá Yèyé. Iná kò dá ẹwà kan rí. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹwà ilé ọba ti wá, ènìyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó mọ ibi tí omi ń gbà wọlé kó tó mọ ibi tí òdòdó yóò gbé wà.

Lónìí, òwe náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ìlú kò ní í bá pọn omi. Ẹ bá mi ká lọ sí Ojú Ore, lójú ọ̀nà tó ti Sàngó bọ̀ wá sí Ọ̀tà, tó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò lẹ́nubodè. Ọ̀tà Iganmọde, ìlú ọmọ Àwórì, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ sí agbègbè yìí, tí ẹni tí owó ilé Èkó lé jáde náà sì ń wá ibi fẹ̀yìn tì síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé tí ìyá àgbà ti ń gbin ewúro rí ti di sẹ́ẹ̀fù-kọntéènì mẹ́rin, ilé ẹja yíyan ti di iyàrá kan àti pálọ̀, sìmẹ́ǹtì kò sì ì gbẹ tán tí ejẹ́ǹtì fi ń mú ènìyàn wá wò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wọ̀nyí, ká má dárúkọ rẹ̀, nítorí wọ́n pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ òru ní kọ́ḿpìnì kan, ojú ọ̀sán ló ń sùn, àárín oorun àti iṣẹ́ ló sì ń wo fóònù. Nínú fóònù ni ó ti rí i tí wọ́n sọ iyàrá ẹlẹ́gbin kan di ààfin láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tí ẹni tó ṣe é sì ń rẹ́rìn-ín pé òun nìkan lòun dá a ṣe, pé owó pọ́ọ́kú ni. Orin tí wọ́n fi sí i dùn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni iyàrá tirẹ̀, tó ti ń sùn sí láìṣàìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, di ohun ìtìjú lójú rẹ̀.

Owó pọ́ọ́kú náà wá bẹ̀rẹ̀. Ó ra wọ́ọ̀lùpépà tó ní bíríkì pupa lára, kí ògiri búlọ́ọ̀kù tó jẹ́ ojúlówó lè fara wé ògiri bíríkì tó jẹ́ àwòrán. Ó ra iná wíńníwíńní tí ń yí àwọ̀ padà, ó lẹ̀ ẹ́ yí àjà po. Ó ra dígí roboto, ó ra ewé oníke tí kò ní í kú nítorí pé kò wà láàyè rí, ó sì wá fi kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ṣe bíi koríko pápá, tẹ́ igun kan. Kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn, ohun tí kò wọ́n náà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ka owó tó ń ná. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti abúlé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè bọ́ bàtà, kò lè wọlé.

“Ọmọ mi, koríko kí nìyí nínú ilé?”

“Màámi, ẹ má bẹ̀rù, àtọwọ́dá ni.”

“Èyí tí Ọlọ́run dá lọ́fẹ̀ẹ́ wà níta, o ò ṣán an; o wá fowó ra òmíràn sínú ilé.”

A kò gbọ́ ohun tí ọmọ fi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ àga tó fẹ́ kàn fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀ yẹ ká dúró lé lórí, nítorí pé àga náà ni ọmọ bíbí agbègbè yìí jùlọ. Àwọn ilé iṣẹ́ a máa kó ọjà lé orí pákó àkànpọ̀ tí wọ́n ń pè ní páléètì, bí páléètì bá sì ti fọ́ tàbí tó pọ̀ jù, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ wa ra mẹ́ta, ó yá ayùn, ó ní òun yóò fi kan àga onírọ̀gbọ̀kú. Ohun tí fídíò kò sọ fún un ni pé páléètì tó gba orí òkun wá ní òǹtẹ̀ lára. Láti ọdún 2002 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ti wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, pé igi ìdìrù tó bá fẹ́ ré ẹnubodè kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìtọ́jú kí kòkòrò má baà bá a wọ ìlú onílùú. Bí ẹ bá rí HT lára òǹtẹ̀ náà, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: wọ́n mú inú igi gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá sì jẹ́ MB ni ẹ rí, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní methyl bromide ni wọ́n fín sí i, pákó bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ fún àga, áḿbọ̀sìbọ́sí ibùsùn ọmọ. Lẹ́tà méjì péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kí ni ọ̀rẹ́ wa ṣe sí lẹ́tà méjì yìí? Ó fi bébà ìfágì ha á dànù, ó ní ó ń ba ẹwà igi jẹ́. Kò wo inú kòtò ìṣó pẹ̀lú, níbi tí ìdun kan àti ìdílé rẹ̀ ti ń dúró de onílé tuntun.

Ṣùgbọ́n ògiri ni olórí ọ̀ràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Ọ̀tà lásìkò òjò mọ̀ pé òkè nìkan kọ́ ni òjò ti ń wọlé. Bí ẹni tó kọ́lé bá fi ojú kéré iṣẹ́ ìpìlẹ̀, tí kò da dípísíì bó ṣe yẹ, tí kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré, omi ilẹ̀ á máa fà gun búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, á máa ti iyọ̀ funfun jáde, ọ̀dà á wú, á sì máa bọ́ lulẹ̀. Àmì tí ògiri fi ń kígbe nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa gbọ́ igbe náà, ó sì fi bíríkì oníbébà dí i lẹ́nu. Ọ̀rinrin tí ń ti ara ògiri jáde tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Góòmù rọ̀, ẹ̀yìn bébà bu, ó dúdú láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí ènìyàn, òórùn rẹ̀ sì gba iyàrá kan. Nítorí òórùn yìí ni ó fi ra tùràrí ìgbàlódé tí a ń tì bọ iná. Àwọn baba wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; wọn kò rí ọjọ́ tí a ó máa fi àwòrán ara dídán lẹ ẹ̀tẹ̀ lójú, tí a ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Wọ́n tún ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá tó wà lẹ́yìn bébà yìí kò tilẹ̀ ní wàhálà ẹnu ọ̀nà mọ́: ó wà lábẹ́ ìbòrí, ó ń tọ́mọ.

Àṣà dá-a-ṣe-fúnra-rẹ yìí ní ibi tó ti wá, ó sì ní ìdí níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oníṣẹ́ ọwọ́ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó iṣẹ́ wọn sì ju apá mẹ̀kúnnù lọ, ni baálé ilé bá gbé òòlù fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1962, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Barry Bucknell ń fi ilé ògbólógbòó kan ní Ealing, nílùú London, kọ́ gbogbo ìlú lẹ́kọ̀ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ohun tí wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ jù títí di òní ni bó ṣe kọ́ wọn láti fi pákó pẹlẹbẹ bo àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́ tó ní iṣẹ́ ọnà lára, kí wọ́n lè tẹ́jú, kí wọ́n sì bá ìgbà mu. Àwọn ọmọ ló wá ń fi irin tú ohun tí àwọn baba kàn. Ìyẹn ìlú tí káfíńtà ti wọ́n. Ní Ojú Ore ńkọ́? Káfíńtà wà lẹ́bàá títì tó gbé àga tí ẹnikẹ́ni kò ì rà síta. Bíríkìlà di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, láti ìdájí ló ti ń retí ẹni tí yóò pè é. Ẹni tí ń fi òòlù gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú ilé, ẹni tó mọ ìṣó kàn ń wòṣẹ́ níta, fídíò ni wọ́n sì ń sanwó fún.

Ká má sì dá ọmọdé nìkan lẹ́bi, nítorí ojú tí ń wo ti òkèèrè ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Olówè, ará Ìsẹ̀ Èkìtì, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tó fi ère ọba, olorì àti ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n gbé wá bá kábíyèsí sára rẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924, ojú àwọn ará British Museum wọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ rà á. Kábíyèsí kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn Olówè wà ní London títí di òní, àwọn ènìyàn a máa tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú. Ti àga yẹn, ẹnu wa kò tó o, ọ̀rọ̀ ọba ni; ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan wọkọ̀ tìtorí rẹ̀.

Ó ku bàbá lánlọ́ọ̀dù. Gbogbo ìgbà tí páànù ń jò, bàbá kò ráyè. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, eji kò sì rí bàbá nílé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó gbọ́ pé iyàrá ẹ̀yìn ti yàtọ̀, ó wá wò ó.

“Ọmọ mi, o mà ṣe é o! Ilé mi wá di òtẹ́ẹ̀lì.”

“Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin lẹ gbà wá láyè, sà.”

Nígbà tí ọdún yípo, owó ilé fò sókè, torí pé ilé ti di òtẹ́ẹ̀lì. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa kò sì gbe ọ̀rẹ́ wa púpọ̀, nítorí ohun tí ènìyàn bá kàn mọ́ ilé onílé, ti onílé ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Adájọ́ lè yọ̀ǹda pé kí ayálégbé tú ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ bí kò bá ní í ba ilé jẹ́, àmọ́ ta ni yóò tìtorí bíríkì oníbébà lọ sí kóòtù? Níbí ni òwe àtijọ́ ti wá ṣẹ pátápátá. Ẹwà bù sí ilé ọba. Ọba náà ni onílé. Ọ̀rẹ́ wa ni ìlú tó ru koríko wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń ní kí ọmọ ènìyàn máa sùn sínú ìdọ̀tí, tàbí pé ọ̀ṣọ́ burú. Ní Ọ̀tà tí à ń wí yìí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2001, tí wọ́n ní ojú tó bá ti rí i ti dópin ìran, ọ̀dà ni wọ́n ń tún kùn sí orí ère rẹ̀ bó bá ti ṣá. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére á kọ́kọ́ yẹ igi wò. Bí ikán bá ti wọ̀ ọ́, òmíràn ni yóò gbẹ́, kò ní í kun ikán. Obìnrin tó fi àjákù aṣọ ọdún tó kọjá rán kọ́tìnnì, tó fọ fèrèsé, tó kó àga tó fọ́ jáde, tó sì pe akunlé kan láti kun ògiri gbígbẹ, ti tún iyàrá ṣe, kò sì sí ẹni tó lè bá a jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún iyàrá ṣe lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀ ná. Bó bá dá, ẹ wo àjà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ògiri. Bó bá tutù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún onílé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí onílé bá kọ̀ tí kò tún un ṣe, ẹ má kan ohunkóhun mọ́ ògiri rẹ̀. Ohun tí ẹ lè dì sínú ẹrù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde ni kí ẹ rà.