Ọrọọrún Ti Di Ọdọọdún

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àgbà tó pa òwe yìí ò sọ pé babaláwo ò mọṣẹ́. Ọ̀la ni kò fọkàn tán. Ọjọ́ karùn-ún pé, bàbá tún gbé ọpọ́n kalẹ̀ bí ẹni tí kò dífá rí. Ẹni tó wá ṣèwádìí gan-an kì í sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún un. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún, wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá kífá tán, ó tún ní kó di ibò: owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, eegun sí ìkejì, kí Ifá mú èyí tó bá fẹ́. Odù 256 ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń béèrè bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Àwa ti lajú. Lálẹ́ 31 Oṣù Kejìlá, kí ọ̀fun tó gbẹ, wòlíì ti rí oṣù 12 tán. (Kí n má purọ́, àwọn babaláwo Havana ní Kúbà náà ní Ifá ọdún tiwọn, Letra del Año.) Níbi àìsùn ọdún tuntun kan, ọkùnrin tó jókòó tì mí ń fi báírò kọ gbogbo ìran sínú ìwé. Ìkẹtàdínlógún ní olórí kan máa kú ní ilẹ̀ kan. Mo bi í pé ilẹ̀ wo. Ó wò mí tìyanu-tìyanu: “Ẹ má ṣiyèméjì o, bùrọ̀dá!”

Ẹni tó ní iyè méjì, ó ṣáà ní iyè.

Lọ́dún 2016, wòlíì kan ní Èkó rí obìnrin tó máa borí ìbò Amẹ́ríkà. Trump ló wọlé. Wọ́n ní àwa la ò ní ẹ̀mí tó lè túmọ̀ ìran.

Bẹ́ẹ̀, Ànábì Ibrahim ní kí Ọlọ́run fi bó ṣe ń jí òkú han òun. Ẹyẹ mẹ́rin ni Ọlọ́run ní kó lọ mú wá, kò bú u. Tọ́másì ní òun ò ní gbà pé Jésù jíǹde, àfi bí òun bá fọwọ́ kan àpá rẹ̀. Jésù ní kó na ìka wá. Ká ní òde òní ni, àwọn ọ́ṣà ì bá ti fà á síta.

Ọdún yí po, èmi àti ọkùnrin yẹn tún pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìwé tuntun ló mú wá. Mo béèrè ti èṣí. Ó ní ìyàwó òun ti fi pọ́n ẹ̀pà tà.